Ojú Àlejò: Ìran Tí A Ń Wò àti Ìran Tí A Ń Rí

Òwe Yorùbá kan sọ pé àlejò ní ojú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Àìmọ̀kan ni wọ́n sábà máa ń fi òwe yìí tọ́ka sí. Àjèjì dé ìlú, ó la ojú sílẹ̀, ohun gbogbo ń kọjá níwájú rẹ̀, kò sì mọ ìyàtọ̀ láàrin ohun tí í ṣe ọ̀wọ̀ àti ohun tí í ṣe eré. Àgbàlagbà a fi òwe náà dárí jì í, ọmọdé a fi í rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan fara pamọ́ sínú òwe yìí tí ó yẹ kí ènìyàn dúró yẹ̀ wò. Bí ọ̀rẹ́ bá pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá síbi ọdún ìlú rẹ̀, tí ẹni tí a pè kò sì bá wọn pín nínú ìtàn, nínú èdè tàbí nínú ẹ̀jẹ̀, kí ni ojú rẹ̀ wà fún níbẹ̀? Ṣé ìran lásán ni ó wá wò ni? Ṣé ó yẹ kí ó di ọmọ ìlú fún ọjọ́ kan ni? Tàbí ipò kẹta kan wà tí ìwà ọmọlúàbí ti là sílẹ̀ fún un?

Ìbéèrè yìí hàn kedere ní Yopougon, àgbègbè ńlá tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn ìlú Abidjan, ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Ètò ìkànìyàn ọdún 2021 fi hàn pé àwọn tí ń gbé ibẹ̀ ju mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ lọ. Ẹni tí ó bá mọ Yopougon nípasẹ̀ ìwé alálàyé-àwòrán náà, Aya de Yopougon, tí Marguerite Abouet kọ tí Clément Oubrerie sì ya àwòrán rẹ̀, tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní 2005, yóò mọ̀ ọ́n sí ibùgbé àwọn ọ̀dọ́, ijó àti ẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n láàrin ilé alájà, ṣọ́ọ̀bù àti títì tí ọkọ̀ gbaka àti woro-woro ti ń du èrò, àwọn abúlé kan wà tí wọ́n ti wà níbẹ̀ kí ìgboro tó dé: Yopougon-Kouté, Yopougon-Santé, Niangon-Lokoua, Niangon-Adjamé, Azito, Béago. Kì í ṣe àwọn ni ó wá bá ìlú ńlá. Ìlú ńlá ni ó wá bá wọn. Àwọn onílẹ̀ abúlé wọ̀nyí ni ìwé ìjọba ń pè ní Ebrié. Tchaman ni àwọn fúnra wọn ń pe ara wọn.

Ìran mẹ́rin ni àwọn Tchaman pín gbogbo ènìyàn wọn sí: Tchagba, Blessoué, Gnando àti Dougbo. Ìran kọ̀ọ̀kan tún ní ẹ̀ka mẹ́rin, láti orí ẹ̀gbọ́n dé orí àbúrò: Djéhou, Dongba, Agban àti Assoukrou. Nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí mẹ́rìndínlógún ni ó wà láàrin ìran kan àti èyí tí ó tẹ̀ lé e, nítorí náà orúkọ tí ó bá lọ lónìí yóò tún padà lẹ́yìn nǹkan bí ọgọ́ta ọdún. Ètò yìí kọjá orúkọ lásán. Òun ni ó ń pín iṣẹ́ ìlú: àwọn tí yóò dáàbò bo abúlé, àwọn tí yóò ṣàkóso rẹ̀, àwọn tí yóò jókòó gẹ́gẹ́ bí olùdámọ̀ràn. Nígbà tí ó bá kan ẹ̀ka kan láti jáde sí gbangba, abúlé yóò ṣe ọdún ìran. Àwọn tí ọdún náà jẹ́ tiwọn yóò wọ́de yí ìgboro abúlé wọn ká pẹ̀lú ìlù àti orin. Àwọn jagunjagun wọn yóò wà níwájú, ẹfun tàbí èédú lójú, idà tàbí àdá lọ́wọ́, wọn yóò máa jó ijó ogun. Àwọn ẹbí yóò tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú aṣọ olówó iyebíye àti wúrà tí ó ń dán lọ́rùn àti lọ́wọ́.

Ẹ wo irú ohun tí ọjọ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́ lójú ẹni tí kò mọ̀dí rẹ̀. Ẹni tí ó jẹ́ akọ̀wé ní báńkì ní ọjọ́ Ajé lè jẹ́ ẹni tí ó kun èédú ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí ó ranjú, tí ó ń ju àdá sókè ní ẹ̀gbẹ́ ilé ìtajà fóònù. Ọkọ̀ yóò dúró. Awakọ̀ tí ó ń kánjú yóò fọn fèrè títí yóò fi sú u. Ó pani lẹ́rìn-ín, ó sì dẹ́rù bani lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí àpẹẹrẹ tó lè yé ni, kí a fi ojú inú wo àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta kan nínú ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ Kouté, ẹ̀ka ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó ń jáde lọ́dún náà. Èkejì jẹ́ ọmọ tí wọ́n bí sí Yopougon, ṣùgbọ́n tí bàbá àti ìyá rẹ̀ wá láti Èjìgbò ní ilẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹ̀kẹta jẹ́ ọmọ Dioula láti àríwá orílẹ̀-èdè náà. Ilé-ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n lọ, Faransé kan náà ni wọ́n ń sọ. Ọmọ Kouté ní kí àwọn méjèèjì wá. Kí ọmọ Èjìgbò tó jáde nílé, ìyá rẹ̀ lè sọ fún un pé: “Ọmọ mi, bí o bá débẹ̀, má ṣe bí ẹni tí ó wá wo ọ̀bọ o.” Nínú gbólóhùn kan yìí, ìyá náà ti sọ ọ̀rọ̀ ìwà tí àwọn onímọ̀ lè fi ọ̀pọ̀ ojú ìwé ṣàlàyé. Ó mọ̀ pé wíwò pé oríṣiríṣi.

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ mọ èyí. “Wò” àti “rí” kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Ènìyàn lè wo nǹkan fún wákàtí kan kí ó má rí i; a sì lè rí ohun tí a kò pinnu láti wò. Wíwò wà ní ìkáwọ́ ẹni tí ó ní ojú. Rírí kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀ pátápátá. Ohun mìíràn sì tún wà. Ìran ni ohun tí awòran ń wò. Ìran náà sì ni àwọn ọmọ tí baba kan bí tẹ̀ léra. Ohùn wọn kan náà ni, àkọtọ́ wọn kan náà ni. Olùkọ́ èdè tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò kìlọ̀ pé ìjọra ohùn kì í ṣe ẹ̀rí pé orírun ọ̀rọ̀ méjì jẹ́ ọ̀kan, ìkìlọ̀ náà sì tọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí orírun wọn kò bá tilẹ̀ jọra, ní ìgboro Kouté lọ́jọ́ ọdún, ibì kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti pàdé. Ohun tí àlejò ń wò bí ìran ni onílé ń gbé bí ìran. Ohun tí ó ń kọjá níwájú àlejò bí eré ni ó ń kọjá láti ọwọ́ baba sí ọwọ́ ọmọ.

Ipò kìíní tí àlejò lè dì mú ni ipò awòran. Awòran kò ṣe ibi. Ó wá, ó rẹ́rìn-ín, ó ya àwòrán, ó lọ. Àléébù rẹ̀ ni pé ó sọ ènìyàn di ohun èlò ìgbádùn ara rẹ̀, kò sì jẹ onílé ní gbèsè kankan. Ọdún Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde fi èyí hàn. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí tí wọ́n ń pè ní regbéregbé máa ń wọ́de lọ kí Awùjalẹ̀. Ní 2024, àwòrán láti ibẹ̀ tàn ká ayé lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ẹṣin, aṣọ òfì, gèlè, awò ojú dúdú. Ayé wò ó, ayé sì gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn tí wọ́n wò ó ni ó rí i pé orí ọpẹ́ ni wọ́n gbé ọdún náà kà, pé àwọn Mùsùlùmí ìgbà àtijọ́ ni wọ́n wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ọba tí ó gbà wọ́n láàyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn ní ìlú rẹ̀? Aṣọ ni ojú rí. Ọpẹ́ ni ọdún.

Orúkọ pàápàá lè jẹ́ èso irú ìwò bẹ́ẹ̀. Àwọn aládùúgbò ni wọ́n fún àwọn Tchaman ní orúkọ náà Ebrié. Ní Côte d'Ivoire kan náà, Anàgó ni wọ́n ń pe àwọn Yorùbá, láìka ibi tí ẹni kọ̀ọ̀kan ti wá sí. Ọ̀rọ̀ náà “Yorùbá” fúnra rẹ̀, ẹnu àwọn mìíràn ni ó ti kọ́kọ́ wá kí ó tó di ti gbogbo wa. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ Èjìgbò bá dúró ní ẹ̀gbẹ́ títì tí ó ń wo àwọn Tchaman, ẹni tí wọ́n ti wò láìrí ni ó ń wo ẹni tí wọ́n ti wò láìrí. Ó yẹ kí ìyẹn kọ́ ọ ní sùúrù.

Ipò kejì yàtọ̀ gan-an sí ti àkọ́kọ́. Òun ni ti ẹni tí ó fẹ́ di onílé ní ọjọ́ kan. Ó gba ẹfun, ó fi kun ojú, ó bọ́ sáàrin ìwọ́de. Ìfẹ́ ni ó mú un ṣe bẹ́ẹ̀, ìfẹ́ kò sì burú. Ṣùgbọ́n ẹrù ni ìran jẹ́ kí ó tó jẹ́ ọ̀ṣọ́. Ẹni tí ó bá jáde pẹ̀lú ẹ̀ka rẹ̀ lónìí ti gba iṣẹ́ tí yóò tẹ̀ lé e títí ọjọ́ ogbó. Wọn yóò pè é bí ọ̀ràn ilẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, wọn yóò pè é bí òkú bá sùn, wọn yóò bi í léèrè bí abúlé bá bàjẹ́. Àlejò tí ó kun ẹfun ti gbé apá tí ó dùn, ó sì fi apá tí ó wúwo sílẹ̀. Ọ̀wọ̀ tí ó pé kò lè jẹ́ kí ènìyàn wọ aṣọ tí kò ní san owó rẹ̀.

Àtakò kan wà níhìn-ín tí kò ṣeé fojú fò. Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀rọ̀ “onílé” àti “àlejò” yìí gan-an ni ó ti da ilẹ̀ náà rú. Ní oṣù kẹwàá 1958, wọ́n kọlu àwọn ará Dahomey àti Togo ní Abidjan, ọ̀pọ̀ sì padà sílé tipátipá. Ní 1969, ìjọba Ghana ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn àjèjì, àwọn Yorùbá tí wọ́n ti dàgbà síbẹ̀ di ẹrù. Côte d'Ivoire ni àwọn kan nínú wọn gbà lọ. Ní 1990, òfin mú káàdì ìgbélùú wọlé fún àwọn àjèjì ní Côte d'Ivoire, àfi ní 2007 kí wọ́n tó mú un kúrò lọ́rùn àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ECOWAS. Lẹ́yìn 1993, nígbà ìjọba Henri Konan Bédié, ọ̀rọ̀ náà “ivoirité” gbòde, ó sì ya àwọn tí a gbà pé wọ́n jẹ́ ọmọ ilẹ̀ pátápátá sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù. Ogun dé ní 2002. Lẹ́yìn ìdìbò 2010, wọ́n mú Laurent Gbagbo ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin 2011, ṣùgbọ́n ó di oṣù karùn-ún kí ìbọn tó dákẹ́ ní Yopougon. Àwọn kan kú níbẹ̀ nítorí pé orúkọ wọn dún bí ti ará àríwá tàbí ti ọmọ orílẹ̀-èdè aládùúgbò. Àwọn mìíràn kú nítorí pé wọ́n rò pé ẹ̀yà wọn wà lẹ́yìn ẹni tí ó fìdí rẹmi. Ǹjẹ́ ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tún sọ fún ọmọ Dioula tàbí ọmọ Èjìgbò pé kí ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ títì, kí ó rántí pé àlejò ni òun?

Àtakò náà lágbára, ṣùgbọ́n nǹkan méjì tí kò jọra ni ó pa pọ̀. Ẹ̀tọ́ láti gbé ìlú, láti ṣiṣẹ́, láti dìbò níbi tí òfin bá gbà á, láti sùn kí ilẹ̀ mọ́ láìsí ìbẹ̀rù, kò gbọdọ̀ ti inú ìran jáde. Ẹni tí ó bá sọ pé kìkì ẹni tí ó jẹ́ Blessoué tàbí Dougbo ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti wà láàyè ní Yopougon ti ba ọdún ìran jẹ́ ju ẹni tí ó ń fi í ṣe ẹlẹ́yà lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ìlúgbígbé kò sọ gbogbo ilé di ilé gbogbo ènìyàn. Ilé tí ó ní ilẹ̀kùn yàtọ̀ sí ògiri tí kò ní. Ògiri ni ivoirité. Ilẹ̀kùn ni ìpè tí ọmọ Kouté fi pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí kò bá sí ilé, kò sí ibi tí a ó pe ọ̀rẹ́ wọ̀.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà. Àwọn Tchaman ti di díẹ̀ lórí ilẹ̀ baba wọn. Ibi tí wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́ sí tẹ́lẹ̀ ti di ilé. Èdè wọn ń bá Faransé jà ní ẹnu àwọn ọmọ wọn. Nígbà tí wọ́n bá dá ọkọ̀ dúró fún ọjọ́ kan ní ìgboro, wọ́n ń sọ fún ìlú ńlá pé àwọn ṣì wà. Ẹ̀rù pé wọn yóò pa rẹ́ ni ó ń ba onílé. Ẹ̀rù pé wọn yóò lé òun ni ó ń ba àlejò. Ẹ̀rù méjèèjì yìí ni ó pàdé ní ẹ̀gbẹ́ títì kan náà.

Ipò kẹta wá dé, òun ni ipò ẹlẹ́rìí. Ọ̀rọ̀ náà “ẹ̀rí” ti ara “rí” jáde, kò ti ara “wò” jáde. Ìwọ́de ìran jẹ́ ìlérí ní gbangba: ẹ̀ka kan ń sọ pé òun yóò tọ́jú abúlé. Ìlérí tí kò ní ẹlẹ́rìí rọrùn láti gbàgbé. Nítorí náà ni àwọn Yorùbá kì í ṣe ìgbéyàwó ní ìkọ̀kọ̀. Ẹbí tí ó fọmọ fún ọkọ ń fẹ́ kí ojú ará ìta rí i, nítorí ará ìta kò ní èrè nínú irọ́. Bákan náà ni ti àlejò ní Kouté. Òun kọ́ ni yóò gba oyè, òun kọ́ ni yóò pín ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rí rẹ̀ fi níye lórí.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni ẹlẹ́rìí ní. Èkíní ni kí ó dúró. Awòran lè lọ nígbà tí oòrùn bá mú; ẹlẹ́rìí a dúró títí ìwọ́de yóò fi parí, nítorí kò sí ẹni tí í jẹ́rìí ìdajì ìlérí. Èkejì ni kí ó mọ irú ẹ̀rín tí a pè é sí. Ní Grand-Bassam, ní etíkun ní ìlà-oòrùn Abidjan, àwọn N'zima máa ń ṣe ọdún Abissa. Níbẹ̀, ọkùnrin lè wọ aṣọ obìnrin, àwọn ènìyàn sì lè fi orin tú àṣìṣe àwọn alágbára síta láìsí ìjìyà. Ẹ̀rín jẹ́ apá kan òfin ọdún yẹn. Ẹni tí kò rẹ́rìn-ín ni kò mọ̀wà hù. Ṣùgbọ́n nígbà tí jagunjagun Tchaman bá ń jó níwájú ẹ̀ka rẹ̀, ayọ̀ ni wọ́n pe àlejò sí, wọn kò pè é sí yẹ̀yẹ́. Bí kò bá mọ̀, kí ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìwúlò ọ̀rẹ́ nìyẹn: ojú ọ̀rẹ́ ni ìwé atúmọ̀ èdè tí àlejò ń gbé lọ sí òde ọdún.

Ẹ̀kẹta ni kí ó sọ òtítọ́ nígbà tí ó bá délé. Ìdánwò kan wà fún èyí. Ní Èjìgbò, nígbà ọdún Òrìṣà Ògìyán, apá méjì ìlú, Òkè Màpó àti Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣọlọ̀, máa ń fi àtòrì na ara wọn, wọn a sì parí rẹ̀ pẹ̀lú ìrẹ́pọ̀. Bí ọmọ Kouté bá tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọ ọkọ̀ láti Abidjan dé Èjìgbò, tí ó dúró tí ó ń wo ẹgba bí ó ti ń rọ̀, kí ni ọmọ Èjìgbò yóò fẹ́ kí ó sọ ní Yopougon? Ṣé pé àwọn Anàgó ń na ara wọn bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú? Tàbí pé òun rí ìlú kan tí ó fún ìjà ní ọjọ́ tirẹ̀ kí àlàáfíà lè ní ọjọ́ yòókù? Ohun tí ó bá fẹ́ kí wọ́n sọ nípa Èjìgbò ni kí òun náà sọ nípa Kouté.

Níbi yìí ni òwe àkọ́kọ́ ti lè yí ojú padà. “Àlejò ní ojú ṣùgbọ́n kò fi ríran” lè jẹ́ ẹ̀sùn, ó sì lè jẹ́ ẹ̀kọ́. Ní ọjọ́ ọdún ìran, àwọn ohun kan ti ṣẹlẹ̀ kí ìwọ́de tó bẹ̀rẹ̀, nínú àgbàlá tí wọn kò pe àlejò sí, níbi tí wọ́n ti múra jagunjagun sílẹ̀. Àlejò lè gbọ́ ohùn láti ẹ̀yìn ògiri. Ó ní ojú tí ó lè fi yọjú, fóònù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọlúàbí ni kò ní fi í ríran níbẹ̀. Bí ó ti ń fi gbogbo ojú rí ohun tí wọ́n fi hàn án, bẹ́ẹ̀ ni ó ń fi ojú sílẹ̀ fún ohun tí wọ́n fi pamọ́. Àìríran yìí kì í ṣe àìmọ̀kan, ìkóra-ẹni-níjàánu ni. Nígbà kan rí, ní Yopougon kan náà, àwọn ènìyàn ń yọjú wo orúkọ, àpá ojú àti aṣọ aládùúgbò wọn láti mọ ẹni tí ó jẹ́. Ìlú tí ó ti rí irú ojú bẹ́ẹ̀ nílò ojú tí ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó wolẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, ìwọ́de a parí, ọkọ̀ a sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ní àgbàlá ilé ọmọ Kouté, wọn a gbé attiéké àti ẹja síwájú àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀gbọ́n tí ó ti fọ èédú kúrò lójú lè wá jókòó tì wọ́n, kí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn àlejò méjèèjì bóyá wọ́n rí òun. Kò ní jẹ́ pé ó ń wá ìyìn. Ó ti ṣe ìlérí, ó sì fẹ́ mọ ẹni tí yóò rán òun létí rẹ̀. Bí ọmọ Èjìgbò bá lè dáhùn pé, “Ẹ̀gbọ́n, a rí yín,” àlejò náà ti fi ojú rẹ̀ ríran.